Òjé inú epo ní Pobè àti Sakété

Ní ọdún 1921 ni Thomas Midgley, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá fi àpòpọ̀ òjé díẹ̀ sínú epo bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì kì í kan gbàgà-gbàgà mọ́. Òjé náà tún ń bo ìjókòó fáàfù, kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bàjẹ́.

Ní oṣù Òkúdù 2001, àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Dakar, wọ́n pinnu láti yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí ọdún 2006 wọlé, ìpinnu náà ti ṣẹ ní gúúsù Sàhárà. Àmọ́ ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn Pobè àti Sakété kò gbọdọ̀ wo Dakar àti Kútọnu nìkan. Láti Nàìjíríà ni kpayo inú ìgò ẹ̀bá títì ti ń gba ẹnubodè wọlé. Ohun tí ó bá wà nínú epo lọ́hùn-ún ni àwa náà ń fà símú.

Ẹ̀rù ba àwọn onímọ́tò àtijọ́ pé fáàfù yóò jẹ ìjókòó rẹ̀ wọlé. Ẹ̀rù náà ní ìdí fún ẹ́ńjìnnì tí a gbẹ́ ìjókòó fáàfù sí ara irin orí rẹ̀ tààrà, pàápàá bí ó bá ń ru ẹrù wúwo sáré. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì Peugeot 404 àti 504; òrùka irin ọ̀tọ̀ ni ìjókòó fáàfù wọn. Alùpùpù zémidjan tí a ń da ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ (ta ni kò rántí èéfín rẹ̀?) kò tilẹ̀ ní irú fáàfù bẹ́ẹ̀ rárá.