Ọ̀dà Tí Kò Sí Nínú Páálí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí àwọn mọ́tò kéékèèké tó wà lórí tábìlì mi máa ń rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni mo ń kó jọ. N kì í bá wọn jiyàn, nítorí pé àwọn ọmọdé ń fi wọ́n ṣeré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ìtàn wọn dé orísun, àwọn oníṣòwò la ó bá níbẹ̀. Ní ọdún 1948, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ West Gallogly dá ilé-iṣẹ́ AMT sílẹ̀ ní agbègbè Detroit, ìlú tí òkìkí mọ́tò Amẹ́ríkà ti tàn kálẹ̀. Mọ́tò Ford kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwọn tó ń ta Ford ńlá. Oníbàárà tó bá wọ ìsọ̀ á gbé e lọ́wọ́, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọkàn rẹ̀ á sì fà sí èyí tó tóbi tó wà níta. Ní London, Nicholas Kove, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó dá Airfix sílẹ̀ ní 1939, ṣe irú òwò kan náà: ní nǹkan bí 1949, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe katakata Ferguson kékeré tí àwọn atajà Ferguson lè máa gbé kiri. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n wá ń tà á ní àìtòpọ̀, tí ẹni tó rà á yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Ohun tí atajà bá fi ń polówó kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó fẹ́ tà. Àwọ̀ tí ilé-iṣẹ́ bá fún mọ́tò ńlá ni kékeré náà gbọ́dọ̀ ní. Kò sẹ́ni tó bi oníbàárà léèrè ohun tó wù ú.

Ọdún 1958 ni nǹkan yí padà. AMT gbé páálí tuntun jáde, wọ́n pè é ní mẹ́ta-nínú-ọ̀kan. Ike tó wà nínú páálí kan tó láti to mọ́tò náà ní ọ̀nà mẹ́ta: bó ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́, bí àwọn eléré ìje ṣe ń lò ó, tàbí bí àwọn ọ̀dọ́ California ṣe ń tún tiwọn dá. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀nà kẹta yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ tí owó wọn kò ká mọ́tò tuntun máa ń ra àlòkù ní California, wọ́n á gé e, wọ́n á jó o pọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ohun tí ẹni tó ṣe é gan-an kò ní dá mọ̀ mọ́. Ní 1952, George Barris àti Sam arákùnrin rẹ̀ tún Mercury 1951 kan ṣe fún Bob Hirohata. Wọ́n gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n mú gbogbo ara rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, títí tó fi dà bí ẹkùn tó lúgọ de ẹran. Joe Bailon ní tirẹ̀ ni wọ́n mọ̀ mọ ọ̀dà pupa tó ń dán bí súìtì: wọ́n á kọ́kọ́ kun wúrà tàbí fàdákà, wọ́n á wá fi pupa tí ojú ń rí inú rẹ̀ bò ó ní ìpele-ìpele. Nígbà tó yá, AMT fi Barris ṣe olùdámọ̀ràn. Ọmọ ọdún méjìlá tí kò tíì lè wa mọ́tò wá lè fi ọ̀bẹ àti gọ́ọ̀mù ṣe ohun tí Barris fi iná àti irin ṣe.

Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1958 kì í ṣe kékeré. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń fi ẹ̀dà àìyẹsẹ̀ ṣòwò gbà pé ẹni tó ra mọ́tò ní ìtàn tirẹ̀ tó fẹ́ fi kún un.

Àwọn ará Japan kò fi bẹ́ẹ̀ tọ ọ̀nà yẹn. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni tiwọn. Tamiya ti ìlú Shizuoka, tó bẹ̀rẹ̀ bíi sọ́míìlì ní 1946, fẹ́ ṣe Porsche 934 tí wọ́n gbé jáde ní 1976. Wọ́n lọ ra Porsche 911 gidi, wọ́n sì tú u palẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ìtara bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí mọ́tò ṣe rí ní ilé-iṣẹ́ àti ní pápá ìje ni wọ́n ń wá. Bó ṣe rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lábẹ́ èrò ọjà, iyẹn kò sí nínú àwòrán wọn.

Ní tiwa ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí mo bá sọ pé inú páálí ni mọ́tò tiwa náà ti wá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó ní 1975, tí ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún kan náà, àpótí ńláńlá ni ọkọ̀ òkun ń já sílẹ̀. Ẹ̀yà ara mọ́tò ló wà nínú wọn, tí àwọn òṣìṣẹ́ wa ń tò pọ̀. Ìjàpá tí gbogbo ayé mọ̀ jáde láti Ọ̀jọ́ bẹ́ẹ̀. Igala náà jáde bẹ́ẹ̀, ìyẹn mọ́tò tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasilia, tí a sọ lórúkọ mìíràn nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kódà, ṣáájú ìgbà yẹn, irin ìsàlẹ̀ lọ́rì nìkan ni wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara bọ́lẹ́kájà, tí àwọn akunlé á sì kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú àti lẹ́yìn. Mólùè pẹ̀lú, orí lọ́rì Mercedes 911 ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti kọ́ ọ. Ọ̀nà kẹta tí AMT ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú páálí ní 1958, a ti ń rìn ín nílẹ̀ yìí kí ó tó dé inú páálí.

Ṣùgbọ́n ẹ wá inú páálí wò fún un, ẹ kò ní rí i. Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí ni Kọ́ńbì Volkswagen, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì láàrin 1967 sí 1979. Revell ló ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní ìdá kan nínú 24, ó sì fi díẹ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 19 ní gígùn. Àwọn àwọ̀ tí ìwé inú páálí tèmi dá lábàá jẹ́ ti àwọn tó ń lọ gbafẹ́ létí òkun ní Yúróòpù. Kò sí ìyeyè onílà dúdú níbẹ̀. Bàbá mi fi irú Kọ́ńbì yìí ṣe dánfó láàrin Muṣin àti Ọ̀ṣòdì láti 1978 títí di 1989, òun ló sì fi tọ́ wa. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀, dúdú òun funfun sì ni.

Ohun kan wà tí mo dúpẹ́ fún. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún. Nítorí náà, Kọ́ńbì tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Jámánì, tí sítíárìn rẹ̀ wà lósì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń yọ́ ṣí lápá ọ̀tún, bá Èkó ìgbà ayé bàbá mi mu láìjẹ́ pé mo gé ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ fi Ìjàpá 1966 tí Tamiya ṣe to mọ́tò Èkó ọdún náà gan-an kò ní bọ́ nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yóò ní láti wo apá ibi tí sítíárìn rẹ̀ wà dáadáa.

Ọ̀dà ló gba ọgbọ́n. Ìyeyè kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí o bá fọ́n ọn sórí eérú, á máa fà sí àwọ̀ ewé. Nítorí náà, mo fi ọṣẹ fọ ike náà kí òróró ara rẹ̀ kúrò, mo fọ́n ọ̀dà funfun sí i, mo fi sáńdípépà tó kúná rà á, kí n tó máa fọ́n ìyeyè sí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìyeyè wo? Mo to ìgò márùn-ún síwájú bàbá mi. Ó tì wọ́n sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Èyí ti pọ̀n jù, ti ọsàn nìyẹn. Èyí ti ṣá. Ṣé o mọ ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n sè? Inú rẹ̀ ni.”

Ó ní ẹni tó kun tòun ní Muṣin máa ń po ọ̀dà nínú agolo ni, kì í wọ̀n ọ́n, nítorí náà dánfó méjì kì í jọra délẹ̀délẹ̀. Mo po tèmi náà bẹ́ẹ̀ títí ó fi mi orí. Fún ìlà dúdú, mo fi rúlà wọn fọ́tò náà, mo fi gíga ilẹ̀kùn ṣírò rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lára mọ́tò gidi jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà méjì lára mọ́dẹ́ẹ̀lì. Mo fi téèpù bo ìyeyè náà kí n tó fọ́n dúdú, nítorí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ló ń ṣáájú, èyí tó ṣú a tẹ̀ lé e.

Ibi tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò ti gbà fún ara wa ni ti ìdọ̀tí. Ó ti di àṣà láàrin àwọn tó ń to mọ́dẹ́ẹ̀lì pé bí o bá ti ń ṣe mọ́tò Áfíríkà, kí o fi ìpẹtà sí i, kí o fi ẹrẹ̀ pa á, kí o fi wáyà so ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn àwòrán tí wọ́n ń wò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi bàbá mi pé ṣé kí n fi ìpẹtà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ó wò mí.

“Aago mẹ́rin ìdájí ni kọ̀ńdọ́ mi máa ń fọ̀ ọ́. Ta ló sọ fún ọ pé mọ́tò mi ń pẹtà?”

Mo gbà pé dánfó tó jẹgẹ pọ̀ ní Èkó. Ẹ̀rí wà fún ìyẹn. Ohun tí n kò gbà ni pé èyí nìkan ni ẹ̀rí. Ní oṣù kejì ọdún 2017, nígbà tí Akinwunmi Ambode, gómìnà Èkó ìgbà náà, sọ pé dánfó yẹ kó kúrò lójú títì, jákujàku ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí lọ́kàn wọn. Ní ìgbà náà, àwọn bọ́ọ̀sì Japan ti gba ipò Kọ́ńbì tipẹ́, Brazil pàápàá sì ti ṣíwọ́ Kọ́ńbì ṣíṣe ní òpin 2013. Bí àwa tí a jẹun lára rẹ̀ bá tún fi ìpẹtà kùn ún, ta ni yóò rántí pé ẹnìkan ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́? Mo fi ọ̀dà dídán bo tèmi. Ẹrúkù díẹ̀ péré ló wà ní ẹsẹ̀ táyà, bàbá mi sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gba ọjọ́ mẹ́ta. Akunlé ti kọ SURU LERE síbẹ̀, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, àlàfo sì wà láàrin rẹ̀. Sùúrù lérè ni bàbá mi ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ sí Sùúrùlérè máa ń sáré tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn, kọ̀ńdọ́ á sì máa kígbe Ọ̀ṣòdì mọ́ wọn lórí. Bàbá mi kò pa á rẹ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù lọ kọ ọ́, àlàfo náà sì wà níbẹ̀.

Pátákó nọ́mbà ló gbẹ̀yìn. Irú èyí tó dé ní 1992, tí lẹ́tà rẹ̀ pupa fún mọ́tò akérò, kò lè bá a mu, nítorí bàbá mi ti ta Kọ́ńbì náà ṣáájú. Etí fọ́tò gé pátákó rẹ̀ kúrò. Nọ́mbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni bàbá mi rántí, ó sì ní n kò gbọdọ̀ fi òmíràn dí àyè ìyókù. Mẹ́ta náà ni mo kọ.