Ìdájọ́ Ọjọ́ Ajé: Ìtàn Àwọn Tó Gbọ́ Orin ní Adó-Èkìtì

Ní Adó-Èkìtì, òde àríyá kì í parí lóru tí wọ́n bá palẹ̀ gìtá mọ́. Ọjọ́ Ajé ló ń parí, nígbà tí àwọn tó lọ bá pàdé àwọn tí kò lọ, tí wọ́n sì ròyìn ohun tí etí wọn gbọ́. Ta ló kọrin jù? Onílù wo ló mọ orúkọ baba onílé? Ta ló kàn jẹ owó ọmọ olóòkú lásán? Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìlú ti dájọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn awakọ̀ ti gbé ìdájọ́ náà dé Ìyìn, Ìgèdè àti Ìkẹ́rẹ́.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ náà. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni mò ń tà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọjà Ọba, láti ìgbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé títí di ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì gba ọjà mọ́ àwo lọ́wọ́. Àwọn òǹkọ̀wé ti kọ púpọ̀ nípa àwọn olórin wa: ibi tí wọ́n bí wọn sí, àwo tí wọ́n gbé jáde, oyè tí wọ́n jẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn ni wọ́n kọ. Ìdajì tó kù wà lẹ́nu àwọn tó gbọ́ orin náà, tí wọ́n jó o, tí wọ́n náwó sí i, tí wọ́n sì dá a lẹ́jọ́. Ní agbègbè wa, àwọn olùgbọ́ wà lára àwọn tó dá orin, ìtàn tó bá sì fò wọ́n dá kò tíì pé.

Àṣà kí olùgbọ́ máa dá orin lẹ́jọ́ yìí ti wà kí gìtá tó dé. Ẹni tó bá ti wo Ùdírókò, ọdún ńlá tí Adó máa ń ṣe nínú oṣù kẹjọ, mọ̀ pé ẹgbẹ́ olórin kan kì í nìkan gba ojú agbo. Èwí, ọba Adó, á jáde, àwọn ìjòyè á wá júbà, àwọn ará àdúgbò á wọ́ dé pẹ̀lú ìlù àti orin tiwọn. Ẹni tó dúró sí ààfin lè gbọ́ orin mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí etí rẹ̀ bá fà sí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Bákan náà ni alámọ̀, orin àwọn obìnrin Èkìtì. Ẹnì kan á lé, àwọn yòókù á gbè, àwọn tó jókòó yí wọn ká ò sì ní panu mọ́. Mo ti rí i tí aṣíwájú ṣi oríkì ìdílé kan pè, tí yèyé arúgbó kan sì tún un ṣe fún un láti orí àpótí tó jókòó lé. Aṣíwájú náà dúpẹ́, ó gba ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ọ́.

Èkó ni jùjú, orin onígìtá náà, ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 1930 sókè, nígbà tí orúkọ Túndé King ń tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn ogun Hitler, ní nǹkan bí 1948, gángan wọ inú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ iná gbé ohùn gìtá jáde. Ìgbà tí gángan wọlé yìí ni orin náà di ti gbogbo wa. Gìtá lè dùn, ṣùgbọ́n gángan lè pe ènìyàn lórúkọ. Ẹni tí a bá sì pè gbọ́dọ̀ jẹ́, ìbáà fi ijó jẹ́, ìbáà fi owó.

I. K. Dáíró, tí ìran rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Ìjẹ̀ṣà tó múlé ti Èkìtì, dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní 1957. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ di Blue Spots. Ó fi àkọ́díọ̀nù kún jùjú, ó fi ẹ̀ka èdè Yorùbá oríṣiríṣi kọrin, Ọbabìnrin ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ṣáájú ìgbà náà, Victor Ọláìyá ti gbé háíláìfù dé ibi gíga. Calabar ni wọ́n bí i sí ní 1930, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu Èkìtì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó dá Cool Cats sílẹ̀ ní 1954, wọ́n ṣeré nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956, wọ́n sì tún ṣeré níbi ayẹyẹ òmìnira ní 1960. Fẹlá àti Tony Allen, méjèèjì ló kọ́kọ́ ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kú ní oṣù kejì ọdún 2020, àwọn àgbà tó ń ra àwo lọ́wọ́ mi nígbà kan pè mí láti kí mi kú ara fẹ́ra kù, nítorí pé ọmọ wa ló lọ.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970 ni òde àríyá wá gbòòrò. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, náírà dé ní 1973, owó Údójì, àfikún owó oṣù, sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975. Ní Èkìtì, ìsìnkú àgbà ni a ti rí ọwọ́ owó náà jù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí. Ìyá àgbà kan kú ní àdúgbò Òkèṣà ní Adó, ó sì bí ọmọ púpọ̀. Àkọ́bí pe báńdì jùjú láti Ìbàdàn. Èyí tó jẹ́ tíṣà pe ẹgbẹ́ mìíràn láti Àkúrẹ́. Èyí tó ń ṣòwò igi pe ẹgbẹ́ tó ń kọ orin bíi ti Orlando Owoh. Àwọn ọmọbìnrin ní alámọ̀ ni ìyá wọn fẹ́ràn, àwọn alámọ̀ ló sì gba iwájú ilé. Wọ́n á dí títì pa láti òpin kan dé èkejì, ọmọ kọ̀ọ̀kan á pa àtíbàbà tirẹ̀, aṣọ ẹbí ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì yàtọ̀. Tí wọ́n bá ti jẹun tán lálẹ́, gbogbo báńdì á bẹ̀rẹ̀, ó di ìdájí.

Àlejò ò ní jókòó síbì kan. Á kí àkọ́bí, á jó díẹ̀, á lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, á sì kọjá sí àtíbàbà kejì. Níbi tí ohùn báńdì méjì ti pàdé láàárín títì ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń dúró sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè fi wọ́n wéra. Bí ọ̀kan bá yí orin padà, wọ́n á sáré lọ síbẹ̀. Bí èkejì bá gbé gángan sókè, wọ́n á tún padà. Olórin tó ń wo iwájú rẹ̀ á rí i pé èrò ń dín, á sì mọ ohun tí yóò ṣe.

Nígbà tó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ mi. Àwo Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé ló ń tà jù nígbà náà, púpọ̀ nínú àwọn báńdì tó sì ń wá sí òde wa ló ń tẹ̀lé ọ̀nà ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Ìlú pín sí méjì. Tíṣà kan, olólùfẹ́ Sunny, á ní: “Ẹ ò gbọ́ bí àwọn gìtá yẹn ṣe ń dá ara wọn lóhùn ni? Orin nìyẹn!” Ìyá kan tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á dá a lóhùn pé: “Tíṣà, gìtá dùn, àmọ́ kí ló sọ fún yín? Èmi fẹ́ orin tó máa gba ọmọ mi nímọ̀ràn. Ẹ fún mi ní ti Obey.” Àwọn awakọ̀ á dá sí i, ọmọléèwé á dá sí i, ẹni tó fẹ́ ra abẹ́rẹ́ gírámáfóònù á gbàgbé ohun tó wá rà.

Lábẹ́ ariwo náà, mo wá mọ̀ pé òṣùwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Èkíní, ṣé ìlù sọ̀rọ̀? Gángan tó dùn tí kò sọ ohunkóhun kò gba àmì lọ́wọ́ àgbà Adó. Èkejì, ṣé olórin mọ ilé tó wá? Bó bá pe ọmọ ìdílé kan ní oríkì ìdílé mìíràn, ó ti kú sí òde náà. Ẹ̀kẹta ló jọ mí lójú jù: ṣé ó kí ẹni tí kò lówó? Mo gbọ́ ọ léraléra lẹ́nu àwọn obìnrin ọjà pé olórin kan dára “torí ó kí ìyá tó ń se ọbẹ̀.” Wọn ò tíì gbàgbé orúkọ irú olórin bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́ yìí ń padà sínú orin. Olórin tó gbọ́n á rán ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan síwájú òde, kí ó lọ bèèrè oríkì òkú àti orúkọ àwọn àna. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí ìlú dá lẹ́bi nítorí pé kò mọ ìdílé tó wá kọrin fún. Nígbà tí wọ́n tún padà wá sí Adó, wọ́n fi èdè Èkìtì bẹ̀rẹ̀, wọ́n to àwọn ìran ilé náà láìṣì, ìyá elépo mi sì fúnra rẹ̀ wá bi mí bóyá wọ́n ti ní àwo. Ohun kan náà ló mú kí Ẹlẹ́mùrẹ́ Ògúnyẹmí, ọmọ Ẹmùrẹ́-Èkìtì, ní àyè tirẹ̀ lọ́kàn wa: ahọ́n Èkìtì ló fi kọrin, àwọn tí kò gbọ́ ti Èkó dáadáa sì gbọ́ tirẹ̀. Kódà àwo fúnra rẹ̀ yí padà. Ojú kan àwo ńlá jùjú wá di orin tí a so pọ̀ láìdánudúró, bó ṣe ń rí lójú agbo, torí pé ẹni tó bá ti ń jó kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá òun dúró.

Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn lọ́tọ̀. Ní 1973, Ofege, ẹgbẹ́ àwọn ọmọléèwé St. Gregory's ní Èkó, gbé àwo “Try and Love” jáde, gìtá rọ́ọ̀kì sì ń ké fatafata nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Adó máa ń da owó oúnjẹ wọn pọ̀ láti rà á. Ní 1977, “Fire in Soweto” ti Sonny Okosun tún mú wọn. Bí àwọn bàbá wọn ṣe ń jiyàn lórí gángan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jiyàn lórí gìtá.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa Accra. Ní 6 Oṣù Kẹta, 1971, ọjọ́ òmìnira Gánà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà àti ti Gánà para pọ̀ ṣeré ní Black Star Square mọ́jú: Ike àti Tina Turner, Wilson Pickett, Santana, Roberta Flack, àwọn Staple Singers. Wọ́n ya eré náà sí fíìmù tí wọ́n pè ní “Soul to Soul.” Nígbà tí mo rí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ojú àwọn èrò ni mo ń wò. Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá kí òun jó, ẹni tó ti bọ́ sí ijó, ọmọdé tó la ẹnu sílẹ̀, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù Woodstock, eré tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ New York ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, ṣe tọ́jú ohùn àwọn olùgbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn eré méjèèjì lónìí lè wí bí orin ṣe wọ ènìyàn lára. Kò sí ẹni tó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wá sí Òkèṣà.

Ohun tó mú òde bẹ́ẹ̀ dín kù kì í ṣe àìfẹ́ orin. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba, dé ní 1986, náírà rọlẹ̀, owó ọkọ̀ àti ẹ̀rọ báńdì sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Wọ́n ń da orin kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ, àwo ò tà mọ́, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, ọmọ Ìpòtì-Èkìtì kan, Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ló tún fún wa ní ohun tuntun láti jiyàn lé. Ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1997 sọ ọ́ di ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, “Bitter Experience” tó kọ lẹ́yìn rẹ̀ sì mú orin ìyìn wọ agbo ijó. Lónìí, òfin ọdún 2007 tó de Báǹkì Àpapọ̀ kà á léèwọ̀ láti máa fọ́n náírà tàbí láti máa jó lé e lórí, ilé ẹjọ́ sì ti rán àwọn kan lẹ́wọ̀n lórí rẹ̀ ní 2024. Mo fara mọ́ ọn kí a bọ̀wọ̀ fún owó. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ìlú fi ń dájọ́ jù, ẹnu ni, òfin kankan ò sì ka ìyẹn léèwọ̀.

Nítorí náà, mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti orin ní fásitì wa. Fóònù ọwọ́ yín lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ lọ sí Ìjìgbò, Ìrọ̀nà, Òkè-Ìlá àti Odò-Adó. Ẹ wá àwọn yèyé tó ń se ọbẹ̀ lóde ìgbà náà, àwọn awakọ̀ tó kó báńdì, àwọn tó so àtíbàbà. Ẹ má kàn bi wọ́n pé olórin wo ni wọ́n fẹ́ràn. Ẹ bi wọ́n pé kí ni onílù sọ nígbà tí wọ́n wọ ojú agbo, ta ló ṣi oríkì pè, ta ló tún un ṣe, kí ni wọ́n sọ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Dáíró àti Ọláìyá, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ tètè lọ.