Síso Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì Mọ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Aláìlówáyà Inú Ilé

Iṣẹ́ yìí ni a fi ń mú kí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí kì í kúrò lójú kan, rí íntánẹ́ẹ̀tì gbà láti inú afẹ́fẹ́, láìjẹ́ pé a lu ògiri yàrá nítorí wáyà. Access point, èyí tí ó sábà máa ń wà nínú rọ́tà ilé fúnra rẹ̀, ni alárinà: a fi wáyà gbé dátà fún un, òun náà a sì fi ìgbì rédíò pín in fún gbogbo ẹ̀rọ tí ó bá mọ páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ní 1985 ni àjọ FCC ti Amẹ́ríkà yọ̀ǹda àwọn ìgbì kan fún irú ìlò bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ní 1997 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, IEEE, gbé ìlànà 802.11 fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlówáyà jáde, tí eré rẹ̀ kò ju mẹ́gábíìtì 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí 802.11b tó sọ ọ́ di 11 ní 1999. Ní ti ẹni tí à bá pè ní baba nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí, ẹnu kò kò. Àwọn kan nàka sí Vic Hayes ará Netherlands, alága ìgbìmọ̀ IEEE nígbà náà. Àwọn mìíràn nàka sí John O'Sullivan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní CSIRO, àjọ ìwádìí ti Ọsirélíà, tí wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ (patent) ní Amẹ́ríkà ní 1996. Owó ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ san fún CSIRO ní 2009 àti 2012 fi hàn pé ẹ̀tọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé inú 802.11a àti 802.11g ni ọgbọ́n wọn ti wúlò, kì í ṣe inú ìlànà ti 1997.

Ní ti síso kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A lè ki káàdì aláìlówáyà PCI Express bọ inú kọ̀ǹpútà. A lè ti ẹ̀rọ aláìlówáyà USB kékeré bọ̀ ọ́ lára. A sì lè ra access point kejì, kí a yí i sí ipò oníbàárà (client), kí a sì fi wáyà Ethernet so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta yìí ni kò gbajúmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó yẹ kí a yìn jù, nítorí pé kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ pé rédíò wà lọ́nà rárá, kò sì ní béèrè sọ́fítíwíà kankan fún rédíò náà. Wáyà náà sì lè gùn tó mítà 100, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ìgbì ti lágbára ni a ó gbé ẹ̀rọ sí, kì í ṣe ibi tí tábìlì wà.

Ipò ẹ̀rọ ni ó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jẹ́. Ẹlòmíràn a máa bú rọ́tà, kí ó tó rí i pé eriali káàdì rẹ̀ fara pamọ́ sí ẹ̀yìn àpótí irin, lábẹ́ tábìlì: ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ìgbì 2.4 GHz ń la ògiri já ju 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lórí rẹ̀, títí kan ẹ̀rọ microwave inú ilé ìdáná, ó sì jẹ́ pé ìkànnì 1, 6 àti 11 nìkan ni àwọn aládùúgbò lè jùmọ̀ lò ní Amẹ́ríkà láìgun ara wọn. Bí access point méjì bá ń pín ìgbì nínú ilé kan, kí orúkọ àti páàsìwọ́ọ̀dù wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí ìkànnì wọn yàtọ̀.

Ní ti ààbò, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Láti 2001 ni a ti mọ̀ pé WEP, ìlànà ààbò àtijọ́, kò dá olè dúró. WPA2 ti 2004 tàbí WPA3 ti 2018 ni kí a yàn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí káàdì rẹ̀ kò mọ̀ ju WEP lọ lè jàǹfààní ọ̀nà kẹta tí a sọ lókè, nítorí access point ni yóò bá a ṣe ìdáàbòbò náà.