Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ìyá mi àgbà tó wà ní Ayétòrò kì í pe rédíò ní rédíò. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é títí dòní. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ ní kíláàsì, èmi náà fi ṣe àpẹẹrẹ: a-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì. Mo gba máàkì, mo sì gbàgbé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá rí i pé orúkọ yẹn ní ìtàn nínú.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1935 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ rédíò oníwáyà ní Èkó. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń yí kiri láti wá ibi tó wù ú. Àpótí kan ni, wọ́n á fi wáyà so ó mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń fọ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fa iná wọlé. Ohun tí BBC bá sọ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbé wá síbẹ̀. Oṣooṣù ni onílé ń sanwó rẹ̀. Nígbà tó yá, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta náà ní tiwọn. O lè gbé ohùn rẹ̀ sókè, o lè gbé e wálẹ̀, o lè pa á. Ó tán. Àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó kọ́kọ́ pe orúkọ yẹn, akéwì ni, ibi yòówù kó ti wá.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Yewa (Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pè wá nígbà náà, 1995 la yí orúkọ padà), rédíò oníbátìrì ni ìyá àgbà bá nílé ọkọ, lẹ́yìn òmìnira 1960. Bátìrì wọ́n, nítorí náà àkókò ni rédíò fi ń sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, ìròyìn ni. Bàbá àgbà ló ni ín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́. Tí ìròyìn bá ti parí, wọ́n á pa á, wọ́n á yọ bátìrì tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, wọ́n á sá a sóòrùn bí ẹni ń sá èlùbọ́. Oko ni gbogbo ilé á wà lọ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ ló wá di ti gbogbo wọn. Wọ́n á gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará ilé kejì á gbé àpótí ìjókòó wọn wá, àwọn ọmọ á tò sórí ẹní. Àwọn obìnrin ń bó ẹ̀gúsí, etí wọn wà nínú rédíò. Ìlù, orin, ewì, ìkéde. Ìyá àgbà ní tí ewì bá dùn, àwọn máa ń dá a lóhùn bíi pé akéwì wà níbẹ̀. Kò gbọ́.

Ẹ má gbàgbé pé ẹnu ààlà la wà. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà gba àárín wa kọjá. Kétu, Pobẹ́ àti Ṣàkẹ́tẹ́ bọ́ sí ọ̀hún. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gba aṣọ lọ́wọ́ ẹ, wọn ò lè gba ohùn. Láti 1953 ni rédíò ti ń sọ̀rọ̀ láti Dàhòmì, tó wá di Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ìyá àgbà sì máa ń gbọ́ Yorùbá láti Kútọnu dáadáa lálẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́, lálẹ́ ọjọ́ kan, ìkéde òkú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Kétu. Orúkọ, ìlú, ọjọ́ ìsìnkú. Wọ́n pariwo sí rédíò náà pé, "Kí ló ṣe é?" Orin ni rédíò gbà sí i.

Èsì kan náà yìí ló di ìjà láàárín àwọn àgbààgbà. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ lórí ọ̀rọ̀ òmìnira. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì. Wọ́n kọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lọ dá tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn: WNTV bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, rédíò WNBS sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Adébáyọ̀ Fálétí tí à ń ka ewì rẹ̀ ní kíláàsì ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní rédíò tirẹ̀, òun náà kì í fẹ́ gba èsì mọ́. Ní oṣù Kẹwàá 1965, lẹ́yìn ìdìbò tó dá wàhálà sílẹ̀, ẹnì kan gbé ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n yọ téèpù Akíntọ́lá, kí wọ́n fi tòun sí i. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀; adájọ́ dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá.

Lónìí, àwọn èèyàn ń fóònù sí rédíò láàárọ̀, wọ́n ń bá olóòtú jiyàn. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo sọ fún ìyá àgbà pé mo lè bá wọn pè é. Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba ìkéde láti Kétu.