Wolé-Wolé àti Omi Abẹ́ Ilẹ̀

Orúkọ tí àwọn ènìyàn bá sọ òṣìṣẹ́ ìjọba a máa fi hàn bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí lójú wọn. Yorùbá pe òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ní wolé-wolé. Haúsá pè é ní duba-gari, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ń bojú wo ìlú. Ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí Rore wà nítòsí Òmù-Àrán, wà láàrin orúkọ méjèèjì: Yorùbá ni èdè ibẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ Ìlọrin ní ìhà Àríwá ni ìjọba amúnisìn fi í sí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ìtàn ni pé: nígbà tí wolé-wolé ń wo ilé, ta ni ń wo abẹ́ ilẹ̀?

Kí òfin òyìnbó tó dé, ìlú ní ètò tirẹ̀. Ènìyàn a yà sí ìgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà, yàgbẹ́, ń jẹ́rìí sí i. Pàǹtí a lọ sí ààtàn. Omi balùwẹ̀ a ṣàn sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò a sì mu ún. Ètò yìí bá ìlú tí igbó yí ká mu. Nígbà tí ilé pọ̀ tí igbó sì sún sẹ́yìn, ó di ewu.

Òfin Ìlera ti ọdún 1917 fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní agbára láti wọ inú agbo ilé, kí ó sì pàṣẹ pé kí a mú ohun tí ó lè fa àrùn kúrò. Ní Èkó, níbi tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, Dókítà Isaac Ladipo Oluwole fún iṣẹ́ wolé-wolé lágbára gan-an. Níbẹ̀ pẹ̀lú, agbépòó ń ru garawa ìgbẹ́ lóru. Ní àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ òkè, onílé ni ó ń gbẹ́ ṣáláńgá ara rẹ̀. Wolé-wolé a dé, a wò ó bóyá ó ní ìdérí, a wo ìkòkò omi bóyá tanwíji wà níbẹ̀; bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, sámáńsì ni. Iṣẹ́ jẹ́ ti onílé, àṣẹ jẹ́ ti ìjọba.

Ìpín yìí kò yí padà lẹ́yìn òmìnira. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 àti ti 1999 fi ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìdọ̀tí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ti Rore sì jẹ́ ti Ìrẹ́pọ̀dùn, tí olú rẹ̀ wà ní Òmù-Àrán. Nígbà ìjọba Buhari àti Idiagbon, ọmọ Ìlọrin, ìmọ́tótó àyíká wọ inú ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ní 1984. A gbá òpópónà, a kó gọ́tà. Ohun tí ojú rí ni a tún ṣe.

Láàrin àkókò yìí, ìgbọ̀nsẹ̀ olómi àti sọ́kàwéè rọ́pò ṣáláńgá ní ọ̀pọ̀ ilé. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ a rọlẹ̀ sínú ihò kìíní. Omi a ṣàn sí èkejì, ilẹ̀ a sì fà á mu. Ilẹ̀ Ìgbómìnà sì jẹ́ ilẹ̀ àpáta: inú erùpẹ̀ tí ó bo àpáta náà ni kànga ti ń rí omi, inú rẹ̀ kan náà ni sọ́kàwéè ń da tirẹ̀ sí. Mítà 30 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń dámọ̀ràn láàrin méjèèjì. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀tì ilé tí a ń tà jákèjádò Nàìjíríà, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, kò ju nǹkan bí mítà 15 sí 30 lọ. Onílé lè pa òfin mọ́ nínú ọgbà rẹ̀, kí sọ́kàwéè rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga aládùúgbò.

Ibí ni mo ti rí àléébù wíwo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ ààrẹ ti 2019, tí ó fi 2025 ṣe gbèdéke fún fífi òpin sí yíyàgbẹ́ ní gbangba, mú kí a máa ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n kíkà kò tó. Ìjọba ìbílẹ̀ ní láti kọ ibi tí kànga àti ihò kọ̀ọ̀kan wà sínú ìwé, kí ó wọn ilẹ̀ kí a tó gbẹ́ ẹ, kí ó pèsè ọkọ̀ tí yóò fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, àti ibi tí yóò dà á sí. Onílé kan kò lè dá èyí ṣe. Lójú mi, orúkọ tí Haúsá sọ òṣìṣẹ́ yìí ni ó bá iṣẹ́ tí ó kù mu: ẹni tí ń wo ìlú.