Nígbà wo ló yẹ kí á pa ìlù lẹ́nu mọ́? Àyẹ̀wò mímú ìró rọlẹ̀, láti orí ìda bàtá dé inú sítúdíò

Kò sí ohun tí onílù lè ṣe sí ìlù rẹ̀ tó rọrùn tó mímú ìró rẹ̀ rọlẹ̀. Kó gbé aṣọ ìnura lé ojú awọ, kó ki ìrọ̀rí bọ inú ìlù béèsì, kó lẹ téèpù díẹ̀ mọ́ etí snare, ó tán. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló bí àṣìlò. Àwọn kan ń fi aṣọ bo ìlù tí wọn kò tíì fà dọ́gba. Àwọn mìíràn sì gbà pé ẹni tó bá fi ohunkóhun kan ojú ìlù ti sọ ọ́ di igi lásán. Àpilẹ̀kọ yìí gbé èrò méjèèjì yẹ̀ wò lójú ìmọ̀ ìró, ìtàn sítúdíò àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àyàn, ìdílé onílù Yorùbá. Ibi tí mo dúró sí ni pé iṣẹ́ tí a rán ìlù àti ibi tí a ti ń lù ú ló ń pinnu ọ̀ràn náà. Ìlù kan náà lè nílò aṣọ lówùúrọ̀ nínú sítúdíò, kó má sì nílò ohunkóhun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ní gbàgede.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú awọ

Bí ọ̀pá bá kan awọ, ìró tó ń jáde kì í ṣe ẹyọ kan. Ìró ìpìlẹ̀ wà, àwọn alábàárìn rẹ̀ sì wà lókè rẹ̀. Lórí okùn gìtá, ìlọ́po 2, 3 àti 4 ìró ìpìlẹ̀ ni àwọn alábàárìn náà máa ń jẹ́, ìdí nìyẹn tí etí fi ń gbọ́ gbogbo wọn bí ohùn kan ṣoṣo. Awọ roboto kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò fi hàn pé lójú awọ tí ohunkóhun kò dí lọ́wọ́, alábàárìn àkọ́kọ́ wà ní ìlọ́po 1.59, èyí tó tẹ̀ lé e wà ní 2.14, lẹ́yìn náà 2.30 àti 2.65. Wọn kò bára wọn tan. Afẹ́fẹ́ inú ìlù àti awọ ìsàlẹ̀ máa ń yí iye wọ̀nyí padà díẹ̀, síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ohun tí etí ń gbọ́ ni ìró kan tí ariwo yí ká, pàápàá bí ìró ìpìlẹ̀ bá ti ń kú lọ tí àwọn alábàárìn kan ṣì ń dún.

Nítorí èyí, ibi tí a fi nǹkan sí lójú awọ ṣe kókó. Àárín awọ ni ìró ìpìlẹ̀ ti ń mì jù. Létí, mímì rẹ̀ kéré. Ohun kékeré tí a bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ etí yóò mú àwọn alábàárìn tó ga rọlẹ̀, yóò sì fi ìró ìpìlẹ̀ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó ṣe wà. Tí a bá gbé ohun kan náà sí àárín, ìró ìpìlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jìyà, nígbà tí àwọn alábàárìn tí kì í mi àárín awọ yóò máa dún lọ ní tiwọn. Ẹni tó ń wá ohùn jíjinlẹ̀ tó sì gbé nǹkan sí àárín awọ ti ba ohun tó ń wá jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ onílù kò kà sí. Téèpù àti ìrọ̀rí inú ìlù máa ń ké ìró kúrú ni. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dín agbára ìgbà tí ọ̀pá kọ́kọ́ kan awọ kù. Ẹni tí ariwo ìlù ń dà láàmú nínú yàrá kékeré kò ní rí ìtura púpọ̀ nínú téèpù. Ọ̀pá fífẹ́lẹ́ àti ọwọ́ jẹ́jẹ́ ni yóò ràn án lọ́wọ́.

Ìda lójú bàtá

Bí ẹnikẹ́ni bá ní pé àṣà òyìnbó inú sítúdíò ni mímú ìró rọlẹ̀, kó lọ wo bàtá. Ojú méjì ni bàtá ní: ojú òjò tó tóbi, tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, àti ṣáṣá tó kéré, tí a ń fi bílálà lù. Lójú òjò ìyáàlù àti omele abo ni àwọn onílù máa ń lẹ ìda mọ́, ohun dúdú kan tó rọ̀, tó sì ń fà mọ́ awọ. Ìda ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yẹ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní, ìwúwo rẹ̀ ń mú ohùn awọ lọ sílẹ̀. Èkejì, rírọ̀ rẹ̀ ń gba agbára lọ́wọ́ àwọn alábàárìn tó ga, kí wọ́n má baà pẹ́ nílẹ̀. Aṣọ ìnura kò lè ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nìyẹn.

Kí ló dé tí Àyàn fi nílò èyí? Ìdáhùn tèmi ni pé bàtá ń sọ̀rọ̀. Nínú èdè tí ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, ìlù tí ìró sílébù kan ṣì ń dún lójú rẹ̀ nígbà tí èkejì bá dé yóò da ọ̀rọ̀ rú. Amanda Villepastour, nínú ìwé rẹ̀ lórí èdè bàtá tó jáde ní 2010, fi hàn pé kì í ṣe ojú tí a lù nìkan ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde. Bí ọwọ́ ṣe kan awọ wà lára èdè náà. Ọwọ́ tó lu ojú òjò tó sì tètè kúrò yàtọ̀ sí ọwọ́ tó lẹ̀ mọ́ awọ. Níbí, mímú ìró rọlẹ̀ ti di lẹ́tà nínú ìwé tí ìlù ń kọ. Ìda ṣe apá kan iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ sì ń ṣe ìyókù bí eré ṣe ń lọ.

Àwọn ìlù wa mìíràn ní ọ̀nà tiwọn. Onísákárà máa ń fi ìka ọwọ́ tó gbá ìlù mú tẹ awọ láti ẹ̀yìn, kó lè yí ohùn padà kó sì gé e kúrú. Dùndún kò nílò ìyẹn púpọ̀, nítorí ọsán ni onílù ń fún láti fi yan ohùn. Akin Euba ti ṣe àlàyé kíkún lórí ẹbí dùndún nínú ìwé rẹ̀ ti 1990, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlù kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá ohùn lè lọ síbẹ̀.

Ẹ wo ṣaworo, agogo wẹ́wẹ́ tí a ń so mọ́ ìlù. Ìyáàlù bàtá kan náà tí a fi ìda pa ariwo lójú rẹ̀ ni a tún so ṣaworo mọ́ kó lè máa dún ṣìn-ìn ní gbogbo ìgbà. A kò lè sọ, nígbà náà, pé etí Yorùbá kórìíra ìró tó ń fà. Ó fẹ́ yan èyí tí yóò fà ni. Òye yìí ṣe pàtàkì sí mi ju gbogbo ohun yòókù nínú ọ̀ràn yìí lọ, nítorí òun gan-an ni ó sọnù nínú àríyànjiyàn àwọn onílù jáàsì.

Ìda kò sì dúró sílé. Àwọn bàtá mímọ́ ti Cuba, ìyá, itótele àti okónkolo, ní ojú ńlá tí wọ́n ń pè ní enú àti ojú kékeré tí wọ́n ń pè ní chachá, ohun tó sì ń lẹ̀ náà wà lójú enú ìyá títí di òní. Fardela ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn kan ṣì ń pè é ní idá. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun pa ọgbọ́n yìí mọ́ nínú ipò tí a kò lè fi ẹnu sọ, wọn kò sì ní pa á mọ́ bí kò bá ṣe kòṣeémánìí fún ìlù tó ń pe òrìṣà.

Àwọn ará Íńdíà náà mọ̀ ọ́n. Lójú tabla, lẹ́ẹ̀ dúdú kan tó gbẹ tó sì le wà títí lọ. Ní ojú òsì mridangam, ìyẹ̀fun pípò ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn a sì há a kúrò lẹ́yìn eré. C. V. Raman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1930, ti kọ̀wé lórí àwọn ìlù wọ̀nyí láti 1920. Ó fi hàn pé lẹ́ẹ̀ dúdú náà ń mú àwọn alábàárìn tó ń ṣàìgbọràn bọ́ sí ìlọ́po tó dọ́gba, bíi ti okùn.

Láti awọ ọmọ màlúù dé àtẹ̀gùn Headley Grange

Ìlù jáàsì tí à ń lò nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá wá láti Amẹ́ríkà. Títí di àárín ọ̀rúndún ogún, awọ ọmọ màlúù ló wà lójú rẹ̀. Awọ yìí rọ̀, ojú ọjọ́ sì máa ń yí i padà. Òun fúnra rẹ̀ ń gba díẹ̀ lára àwọn alábàárìn. Ní nǹkan bí 1957, Remo Belli àti Chick Evans gbé awọ oníke jáde, ó sì gbòde kan. Ike kì í rọ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n ó ń dún gbọnrangandan, ó sì ń pẹ́ kó tó dákẹ́. Àwọn aláwọ ike fúnra wọn tún wá ọ̀nà àtimú un rọlẹ̀: Remo ṣe Pinstripe, awọ ìpele méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ létí, Evans ṣe Hydraulic, tí òróró wà láàárín ìpele rẹ̀ méjèèjì.

Máìkì ló tún yí ọ̀ràn padà. Ní 1966, nígbà tí àwọn Beatles ń gba àwo Revolver sílẹ̀ ní London, Geoff Emerick, ẹlẹ́rọ ìró wọn, ki súwẹ́tà bọ inú ìlù béèsì Ringo Starr, ó sì sún máìkì mọ́ ọn ju bí òfin ilé iṣẹ́ náà ṣe gbà lọ. Nígbà tó di àwo Abbey Road ní 1969, Ringo ti ń tẹ́ aṣọ ìnuwo sórí àwọn tọ́ọ̀mù rẹ̀. Ohùn tó jáde rí bí ẹni ń lu ilẹ̀kùn tí a fi aṣọ wé, ó sì bá orin inú àwo náà mu. Ìdí rẹ̀ hàn kedere: máìkì tó súnmọ́ awọ ń gbọ́ gbogbo alábàárìn bí etí onílù fúnra rẹ̀ ṣe ń gbọ́ wọn. Àwọn mìíràn wá sọ èyí di òfin. Nínú àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ onílù yọ awọ ìsàlẹ̀ kúrò pátápátá, wọ́n sì lẹ téèpù mọ́ èyí tó kù.

John Bonham ti ẹgbẹ́ Led Zeppelin gba ọ̀nà kejì. Nínú ilé ńlá Headley Grange ní Hampshire, wọ́n gbé ìlù rẹ̀ sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, ẹlẹ́rọ ìró Andy Johns sì so máìkì méjì rọ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ìlù béèsì rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 26. Àwo tí orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀, “When the Levee Breaks”, wà nínú rẹ̀ jáde ní 1971, títí di òní ni àwọn mìíràn sì ń gé ìró ìlù yẹn sínú orin tiwọn. Máìkì jìnnà, gbọ̀ngàn ga, afẹ́fẹ́ àárín wọn ló pọn ìró náà jinná. Bí a bá gbé aṣọ ìnuwo Ringo lé ìlù Bonham, orin yẹn yóò kú. Bí a bá sì tú ìlù Ringo sílẹ̀ lábẹ́ máìkì tó súnmọ́ ọn, yóò bo ohùn akọrin. Ẹni tó bá ń gbè sẹ́yìn ọ̀kan nínú méjèèjì láìka yàrá àti máìkì sí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ

Fífa ìlù ló kọ́kọ́ yẹ. Bí awọ kò bá dọ́gba yí ká, ìró ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ á máa yẹ̀, kò sì sí téèpù tó lè tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, kí onílù fi ọ̀pá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó lọ dúró níbi tí àwọn èèyàn máa jókòó sí. Púpọ̀ nínú ohun tó ń dà á láàmú lórí àga rẹ̀ kò ní dé ibẹ̀. Gìtá, dùùrù àti ohùn akọrin yóò bo díẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ara èèyàn yóò gba ìyókù. Bí ó bá dé ibẹ̀ tí ìró náà ṣì ń dí orin lọ́wọ́, ìgbà náà ni kó fi ohun tó kéré jù lọ sí etí awọ, kó sì tún gbọ́ ọ.

Ọ̀ràn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa yàtọ̀ díẹ̀. Òrùlé páànù, ilẹ̀ táìsì, ògiri tí kò ní aṣọ: yàrá ló ń dún, ìlù ló ń jẹ̀bi. Mo ti rí ìlù béèsì tí wọ́n ki ìrọ̀rí mẹ́ta bọ inú rẹ̀ títí ó fi ń dún bí àpótí, síbẹ̀ ariwo kò kúrò nínú ilé. Owó tí wọ́n bá fi ra kọ́tìnì tó nípọn fún ògiri ẹ̀yìn ìlù yóò ṣe ju gbogbo ìrọ̀rí yẹn lọ.

Nínú sítúdíò tí máìkì ti súnmọ́ awọ, tàbí nínú orin tí ìró kúkúrú yẹ, kí a mú ìró rọlẹ̀ láìbẹ̀rù. Ní gbàgede, kí a fi ìlù sílẹ̀, nítorí kò sí ògiri tí yóò dá ìró padà fún un. Fún bàtá, kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Àyàn má ṣe há ìda kúrò nítorí pé ó fẹ́ kí ìlù dún kíkan fún máìkì. Kó gbé máìkì sẹ́yìn.

Mo bẹ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì wa pé kí wọ́n pe àwọn àgbà onílù bàtá jókòó, kí wọ́n gba ìró ojú òjò sílẹ̀ pẹ̀lú ìda àti láìsí i, kí wọ́n sì kọ bí wọ́n ṣe ń po ìda náà sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ni iṣẹ́.