Òkété Ẹ̀hìnkùlé: Apá Kan nínú Ìtàn Ọdẹ ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀

Nígbà tí a bá dárúkọ ọdẹ létí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, igbó ńlá ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí. Kò yẹ kí a bá a wí. Láti ìgbà tí D. O. Fágúnwà ti tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, tí S. A. Babalọlá sì gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá kalẹ̀ ní 1966, erin, ẹfọ̀n àti ẹkùn ni a fi ń wọn ọdẹ, débi pé ẹni tí ó bá pa òkété lẹ́hìn ilé ìdáná rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọdẹ ni òun ṣe. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé irú ọdẹ kékeré bẹ́ẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, àti pé ìtàn náà kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn ilẹ̀. Ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀, ìlú ni ó wá bá òkété nílé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Àwọn Àwórì ni onílẹ̀ Ìsọlọ̀, oyè Ọ̀sọlọ̀ sì ni ọba wọn ń jẹ títí di òní. Orúkọ Oṣòdì ní tirẹ̀ so mọ́ ìdílé Oṣòdì Tápà, èyíinì ni Landuji, ọmọ Tápà tí ó dàgbà sí ààfin ọba Èkó, tí ó bá Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé ọba náà kúrò lórí oyè ní 1851, tí ó padà sí Èkó ní 1862, tí ó sì papòdà ní 1868. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́hìn ikú rẹ̀, ní 1901, ni a ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba Oṣòdì kọjá. Ṣùgbọ́n ojú irin nìkan kì í sọ oko di ìlú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́hìn náà, ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́ àti igbó etí odò kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni ní àyíká wọnnì. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n tilẹ̀ wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967.

Ohun tí ó yí ilẹ̀ náà padà dé kíákíá. Òpópónà ńlá Apápá sí Oṣòdì dé ní àwọn ọdún 1970. Ibùdókọ̀ òfurufú tuntun tí a fi orúkọ Murtala Muhammed pè ṣí ní 1979, kò sì jìnnà síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ pọ̀ ní Ìsọlọ̀; ìjọba Lateef Jákàńdè, láàrin 1979 àti 1983, sì kọ́ ilé fún àwọn mẹ̀kúnnù síbẹ̀. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2006, 621,509 ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Ẹ fi ojú inú wo ohun tí èyí jẹ́ fún ẹranko tí ń gbé inú ilẹ̀. A gé ọ̀pẹ tí ó ń fún un ní oúnjẹ, a gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé sórí ihò rẹ̀. Àgbọ̀nrín ìbá kú, tàbí kí ó sá lọ. Òkété rí àlàfo kékeré tí ó wà láàrin odi ilé méjì, níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò dé. Ó rí ẹ̀bá ojú irin, ó rí koríko etí odò Òkè-Àfà, ó rí ààtàn. Ó dúró.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹranko náà fún àwọn tí a bí sí ilé alájà, tí wọn kò mọ̀ ọ́n ju inú àwo ọbẹ̀ lọ. Waterhouse, onímọ̀ ẹranko kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fún un ní orúkọ Cricetomys gambianus ní 1840. Àwọn bàbá wa ti mọ ìwà rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ó tó di ìgbà náà. Bí ó bá dàgbà, ó máa ń wúwo ju kilógíráàmù kan lọ. Ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ìdajì ìrù náà níhà ìparí sì funfun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ àpò: ibẹ̀ ni ó ń kó ẹyìn àti ekùrọ́ sí títí yóò fi dé ihò. Òru ni ó ń jẹ̀. Ihò rẹ̀ kì í sábà ní ẹnu kan ṣoṣo, ó sì lè ti inú fi ewé àti erùpẹ̀ dí òmíràn, kí ó lè gba ibẹ̀ yọ ní ọjọ́ ìpọ́njú. Ìtàn Ifá pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ẹni tí ó bá Ifá mulẹ̀ tí ó sì dalẹ̀ náà. Síbẹ̀ òun náà ni a fi ń bọ Ifá. Àwọn àgbà sì ń wí pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹranko tí a gbé ọ̀rọ̀ òbí àti ọmọ lé lórí báyìí kì í ṣe ẹran yẹpẹrẹ. Ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970, S. S. Ajayi ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe lè sìn ín bí ẹran ilé. Ní Tansania, wọ́n ti kọ́ ẹ̀yà kan tí ó bá a tan láti máa fi imú wá bọ́ǹbù tí a rì mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ Magawa sì gba ẹ̀bùn wúrà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 2020 fún iṣẹ́ tí ó ṣe ní Kàǹbódíà. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìsọlọ̀.

Ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, ẹranko kan wà tí ìwà rẹ̀ fi ara jọ ti òkété, tí wọ́n ń pè ní groundhog. Òun náà ń gbẹ́ ihò sí abẹ́ àká àti ẹ̀bá odi, ó sì ń ba ọgbà ẹ̀fọ́ jẹ́. Àwọn onílé kan níbẹ̀ a máa fi ìbọn afẹ́fẹ́ pa á lẹ́hìnkùlé wọn. Ìbọn yìí kò lo ẹ̀tù. Afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ inú rẹ̀ ni ó ń ti ọta òjé kékeré jáde. Ẹni tí ó bá ti gbé òkè òkun yóò ti gbọ́ ìbéèrè pé kí ló dé tí àwa kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí òkété wa. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, ìtàn sì ni ó lè dáhùn rẹ̀.

Groundhog a máa jẹ̀ ní ọ̀sán. Onílé lè jókòó ti fèrèsé, kí ó fi sùúrù wo ibi tí ẹran náà dúró sí, kí ó tó yìnbọn. Òkété kì í ṣe onílé ní oore bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jáde, ojú ti ṣókùnkùn. Bí a bá tan iná, yóò ti wọlé. Ọta ìbọn afẹ́fẹ́ kéré, orí ni ó gbọdọ̀ bà kí ẹran tó kú, kò sì gbọdọ̀ jìnnà. Ní ẹ̀hìnkùlé tí odi búlọ́ọ̀kù yí ká, tí fèrèsé aládùúgbò kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ọta tí ó bá tàsé lè ta padà láti ara odi sí ojú ọmọ ẹlòmíràn. Ní tèmi, kì í ṣe ohun èlò Ìsọlọ̀ rárá.

Òfin pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní 1959, ọdún kan kí a tó gba òmìnira, a ṣe Òfin Ìbọn fún Nàìjíríà. Òfin yìí kó ìbọn afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ìbọn òyìnbó tí àwọn ọlọ́lá fi ń ṣọdẹ: ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá gbogbo Nàìjíríà ni ìwé àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ ń lò wà ní ìpele tí ó rẹlẹ̀ sí i, Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá ni ó sì ń fún wọn ní àṣẹ. Ṣùgbọ́n ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ nígbà náà, ènìyàn lè ní ìbọn afẹ́fẹ́ láìgba ìwé àṣẹ kankan bí agbára rẹ̀ kò bá pọ̀ jù. Scotland ni ó yí èyí padà ní tirẹ̀ ní òpin 2016. Ohun tí a fi ń ṣeré nílé wọn ni a sọ di ohun ẹ̀rù nílé wa. Nípa bẹ́ẹ̀, akọ̀wé tàbí oníṣẹ́ rélùwéè tí òkété ń hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní Oṣòdì ní 1960 kò ní rò ó láti gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá lọ nítorí eku. Ẹ̀bìtì ni yóò dẹ.

Ẹ̀bìtì kò sí nínú òfin náà. Òkúta tàbí amọ̀ tí ó wúwo ni a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ró, a fi ẹyìn sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹran bá ti fa ẹyìn, igi a yẹ̀, òkúta a wó lù ú. Kò náni ní kọ́bọ̀, kì í sùn, kò sì nílò kí ojú ríran lóru. Ìlànà wà fún un bí ó ti wà fún gbogbo òwò, nítorí a ń wí pé ẹ̀bìtì tí kò bá pa eku, ó yẹ kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Àwọn mìíràn a máa dẹ tàkúté onírin. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ajá wá ihò, wọn a dí ẹnu kan, wọn a fín èéfín sí èkejì, ẹnì kan a sì dúró ti ẹ̀kẹta pẹ̀lú kùmọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀kẹta yóò sun ewé gbígbẹ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ìjọba pẹ̀lú ti ṣọdẹ eku rí ní Èkó. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí kòkòrò amùjẹ̀ ara eku ń gbé kiri wọ ìlú náà. Yersin ti rí ohun tí ń fa àrùn yìí ní Hong Kong ní 1894, Simond sì ti fi hàn ní 1898 bí ó ti ń ti ara eku dé ara ènìyàn. Nítorí náà ìjọba mọ ẹni tí wọn yóò bá jà. Ara ohun tí ó ti inú àjàkálẹ̀ náà wá ni ìgbìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB, tí a dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, tí ó wó ilé tí ó há jù, tí ó sì la Yábàá fún ilé gbígbé. Àwọn Faransé ti gbìyànjú irú ogun yìí ní Hanoi ní 1902. Wọ́n ní àwọn yóò san owó fún ìrù eku kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ìlú ń gé ìrù, wọ́n sì ń jẹ́ kí eku lọ bímọ sí i.

Ogun náà tọ̀nà, nítorí ikú kò ṣeé fi ṣeré. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ni ohun tí irú ogun bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Lójú Yorùbá, èkúté ilé yàtọ̀ sí òkété, òkété yàtọ̀ sí ẹmọ́, ẹmọ́ yàtọ̀ sí àfè, asín sì dá dúró pẹ̀lú òórùn rẹ̀. Lójú ẹni tí ń gbógun ti àrùn, eku ni gbogbo wọn. Bí oko ti ń di ilé ni ojú kejì yìí ń borí ti àkọ́kọ́. Ẹran tí bàbá ń pa tí ilé fi ń yọ̀, ọmọ pa á, ó sì gbé e sọ sí ààtàn.

Orúkọ ọdẹ pàápàá kò dúró bí ó ti wà. Ní Èkó lónìí, bí ẹnì kan bá wí pé, “A ti gba ọdẹ sí àdúgbò wa,” kò sí ẹni tí yóò béèrè ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Olùṣọ́ òru ni ó ń sọ. Àwọn onílé dá owó jọ, wọ́n fún ọkùnrin kan ní tọ́ọ̀ṣì àti fèrè, nígbà mìíràn pẹ̀lú ṣakabùlà, ó sì ń rìn láti géètì kan dé èkejì. Mo gbà pé ìyípadà yìí bójú mu: ẹni tí ó mọ òru, tí kì í bẹ̀rù òkùnkùn, tí ó sì ní ìbọn, òun náà ni ìlú tí ó ń bẹ̀rù olè yóò wá kàn. Ní 2020 tí àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, wọ́n tún pe àwọn ọdẹ. Bí olùṣọ́ bá sì rí ojú ihò lẹ́bàá odi ní ìdájí, èmi kò gbà pé yóò kàn wò ó lásán.

Ohun tí ó ń lé ẹ̀bìtì kúrò ní ẹ̀hìnkùlé wa nísinsìnyí ni oró. Ọ̀tápíápíá àti àwọn oògùn apakòkòrò bíi rẹ̀ wọ́pọ̀, ènìyàn a sì máa pò wọ́n mọ́ oúnjẹ fún eku. Ní 2019, NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré dichlorvos ní ọjà gbangba, nítorí àwọn tí wọ́n ń fi í pa ara wọn àti àwọn tí wọ́n ń ṣì í lò. Èkúté tí oró pa, ààtàn ni ó ń lọ. Òkété tóbi, ó sanra, owó sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí òkú rẹ̀ ní ẹ̀bá kòtò ní àárọ̀ lè má mọ ohun tí ó jẹ lálẹ́ àná. Àrùn tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 2003, a kó àwọn ẹran aláàyè láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà fún títà, òkété sì wà lára wọn. Àrùn mpox ti ara wọn ran àwọn ẹranko mìíràn tí a kó wọn pọ̀ mọ́, láti ibẹ̀ ó dé ara ènìyàn, a sì ka ènìyàn 47 tí ó mú. Nítorí èyí, kí ẹni tí ń pa á lára bo ọwọ́, kí ó sì sè é jinná.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀nà ìpẹran wọ̀nyí kò ṣòro í rí lára òkú ẹran. Èyí tí ìbọn pa ní ojú ihò ọta. Èyí tí ajá mú ní àpá eyín. Ẹ̀bìtì a máa fọ́ orí tàbí kí ó ṣẹ́ ọrùn. Ìyá àgbà tí ó bá ń ra òkété a yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, a fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, a wo ẹnu rẹ̀, kí ó tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Èyí tí ó bá wá láìní ọgbẹ́ kankan ni yóò dá padà sórí igbá.